Àmù Àgọ́-Ọ̀dàn

Ìbíwùmí ti kọ́ gbogbo iṣẹ́ amọ̀ tí wọ́n ń kọ́ni ní Àgọ́-Ọ̀dàn tán: àwo, ìkòkò ọbẹ̀, agbada. Ó ku àmù, ìkòkò omi ràgàjì. Òfin ayé ìgbà náà sì ni pé ìlú ńlá Òkèdá nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́ni ní àmù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọṣẹ́ ni títí yóò fi hu ewú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n sì ń lò lọ́hùn-ún. Ta ni Ìbíwùmí fẹ́ fi ìyá rẹ̀ tí kò lè dá rìn sílẹ̀ fún? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ìyá Abẹ́gunrín, ọ̀gá rẹ̀, ti kọ́ àmù ní Òkèdá nígbà èwe. Ó ránṣẹ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ òun ní àmù nílé. Ni Efúnyẹmí, olórí amọ̀kòkò Òkèdá, bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó fajú ro.

"Àmù abúlé! Ṣé ó lè dán bíi tiwa ni?"

"Ẹ jẹun ná, Ìyá wa," ni Ìyá Abẹ́gunrín wí. "Ojú ọ̀nà lẹ wà látàárọ̀."

Ìbíwùmí gbé iyán àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó sè kalẹ̀. Efúnyẹmí ń jẹ ẹ́, ó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. "Iyọ̀ ò tó. Irú ò rinlẹ̀. Ọbẹ̀ ilé mi dùn jù báyìí lọ."

Ìbíwùmí kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, Ìyá. Tiyín ló dùn jù. Ṣùgbọ́n ká ní a ò dáná níbí torí pé ti Òkèdá dùn jù, ebi ni ẹ̀ bá sùn lónìí."

Efúnyẹmí wo abọ́ iwájú rẹ̀. Ó ti lá a mọ́ féfé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Ọmọ yìí mú mi o! Ẹ máa mọ àmù níbí. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá jò, ẹ ó fọ́ ọ."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ìbíwùmí sun àmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jò. Efúnyẹmí fi ìka kàn án, ó ní fún Ìbíwùmí pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́." Ìbíwùmí sunkún ayọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá rẹ̀ ló gbé e sí, ìyá náà na ọwọ́, ó bu omi mu láìké pe ẹnikẹ́ni.

Bí ará Òkèdá bá wá fi ẹnu àmù náà ṣe yẹ̀yẹ́, Efúnyẹmí fúnra rẹ̀ ní í dá wọn lóhùn, ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti gbà á tó fi dòwe: kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ.