Àkísà Ló Se Ẹ̀wà

Nígbà tí epo kẹrosíìnì di ọ̀wọ́n, Ògúndáre onílé, tó ń ta epo náà, ṣòfin pé ayálégbé tó bá dáná nínú ilé òun láìra epo òun yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Opó kan wà níbẹ̀, Ìyá Moróhùnkẹ́yẹ, tí ọmọ mẹ́ta ń wojú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní rà, mi ò sì ní kó jáde." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀wà tó ti rẹ sómi mọ́jú ka iná alágbẹ̀dẹ tó wà ní òdìkejì títì. Nígbà tó hó dáadáa, ó dé ìkòkò náà pa, ó fi aṣọ òtútù wé e, ó gbé e wálé, ó sì tẹ̀ ẹ́ sáàárín àkísà nínú apẹ̀rẹ̀, kí ooru inú rẹ̀ lè máa sè é lọ. Lọ́sàn-án, òórùn ẹ̀wà gba ilé kan. Onílé já wọlé: "Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́! Ó yá, kó ẹrù ẹ!" "Bàbá, ẹ fọwọ́ kan sítóòfù mi ná." Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi àmù. "Kí ló wá se ẹ̀wà yìí?" "Àkísà ni, Bàbá. Bí ẹ bá ń ta àkísà, mo máa rà." Àwọn ayálégbé bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, apẹ̀rẹ̀ ti wà ní gbogbo yàrá, kò sì sẹ́ni tó yà sí ṣọ́ọ̀bù onílé mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó onílé kan ilẹ̀kùn opó náà, ó rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń wé e?"