Èèpo Ẹyin Abẹ́ Ibùsùn

"Kí àgbà tó ka èèwọ̀ ẹyin fọ́mọdé, kó kọ́kọ́ gbá abẹ́ ibùsùn rẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń pa á lówe ní Ìdí-Ìyeyè nìyẹn. Àlejò á ní, ibo lẹyin ti pàdé ìgbálẹ̀? Ẹ bi Móríkẹ́.

Dúródọlá, ọmọ Móríkẹ́, ti pé ọdún kan àbọ̀, kò lè dìde dúró. Ẹ̀kọ mímu ṣáá ni, láàárọ̀, lálẹ́. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, irun rẹ̀ ń pọ́n, ẹ̀rù sì ń ba ìyá rẹ̀ gidigidi. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ìlú kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ. Ó se ògì, ó da ẹ̀wà sóyà lílọ̀ àti edé gígún sí i, ó ta epo pupa lé e, ó sì fọ́ ẹyin kan sí i.

"Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò sí nílé yín?" ló bi wọ́n. Ó wá kọjú sí Móríkẹ́. "Bí tìẹ kò bá wúwo sí i kóṣù tó parí, ọsibítù ńlá ló kàn."

Móríkẹ́ sáré délé. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró, ló ń sin adìẹ. Ó kúnlẹ̀ fún un.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin kan péré."

"Ẹyin kẹ̀! Ọmọ tó bá jẹ ẹyin, olè ló ń dà. Àwọn adìẹ náà ò tilẹ̀ yé mọ́."

Adìẹ tí kò yé, tó ń pariwo láràárọ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ! Ohun tí Móríkẹ́ ń rò nìyẹn bó ṣe ń lọ po ẹ̀kọ ọmọ rẹ̀.

Òun ìyàwó ilé ló ń gbá yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àwẹ̀ró ti kìlọ̀ pé kó má dé abẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ kejì, inú ń bí i, ó ti ìgbálẹ̀ wọ abẹ́ ibùsùn náà. Ni èèpo ẹyin bá ń wọ́ jáde. Ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ó kún dẹ́nu.

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà jáde síbi tí Ìyá Àwẹ̀ró àti àwọn ìyàwó ilé yòókù ti ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ jẹ gbogbo èyí?"

"Àgbà ni mí."

"Ẹ ó pẹ́ fún wa, Ìyá. Kí lẹ ti wá jí?"

Àwọn ìyàwó ilé kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń gbọn èjìká wọn. Ẹ̀rín pa Ìyá Àwẹ̀ró náà.

"Ìyàwó yìí, o burú! Dìde. Méjì wà nínú ìtẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni ẹyin ti ń wọnú ògì Dúródọlá; kóṣù tó parí, ó ti wúwo sí i. Nígbà tó di pé ó rìn, ìdí ìtẹ́ adìẹ ló kọ́kọ́ forí lé. Ìyá Àwẹ̀ró fẹ́ kígbe olè, ó rántí apẹ̀rẹ̀, ó bá sún ẹyin sọ́dọ̀ ọmọ.

Nítorí náà, kí àgbà tó ka èèwọ̀ ẹyin fọ́mọdé, kó kọ́kọ́ gbá abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí kò bá gbá a, ìyàwó ilé á bá a gbá a.