Ṣíbí Mẹ́jọ fún Olúmìdé

Ìyá Àgbà kò tíì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tó ti gba Olúmìdé lọ́wọ́ Morádéyọ̀, ìyá ọmọ náà.

"Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ló fúyẹ́ báyìí? Ìyàwó, ṣíbí lo fẹ́ fi pa á ni? Ọmọ mẹ́fà ni mo fọwọ́ rọ, títí kan bàbá rẹ̀. Èyí ń bá mi lọ sílé lónìí."

Morádéyọ̀ nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, àìsàn ni. Oúnjẹ kì í dúró nínú rẹ̀, ó ń pọ̀ ọ́ jáde ni. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"O ti ń pòwe fún mi!"

Ìyá Àgbà tẹ́ ọmọ sórí itan, ó káwọ́ sí i lẹ́nu, ó da ògì inú abọ́ ọmọ sí i. Ọmọ gbé e mì, ó tún gbé e mì. Lójijì ni ògì tú jáde lẹ́nu àti nímú, èémí ọmọ sì há.

Morádéyọ̀ já a gbà, ó dojú rẹ̀ dé, ó ń gbá a lẹ́yìn títí tó fi ké. Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, ó gbé e jókòó, ó bu ṣíbí kan sí i lẹ́nu, ó sì dúró pẹ́ kó tó bu òmíràn. Ṣíbí mẹ́jọ péré, ògì ti tutù. Ó gbé e lé èjìká, ó ń rìn káàkiri yàrá. Kò sí èyí tó padà.

"Ìgbà mélòó lóòjọ́?"

"Ìgbà mẹ́jọ, Màmá."

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ó dìde, ó sì dá nìkan lọ sílé.