Hóró Irin àti Aṣọ Ẹ̀jẹ̀

Adéyanjú, o ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni o ti lọ bá àbúrò rẹ nítorí ọtí tó ń mu, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. O ní òtítọ́ ni o sọ fún un, nítorí náà ọwọ́ rẹ mọ́. Mo ti gbọ́. Gbé ìbínú rẹ sílẹ̀ díẹ̀, kí o gbọ́ ti ọkùnrin kan.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ọkùnrin náà, ilé ìwádìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Oògùn tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n náà lágbára, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí àrùn wà, gbogbo ara ló ń nà. Irun orí obìnrin náà re tán, oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ọkùnrin yìí pinnu pé òun yóò ṣe oògùn tí yóò mọ ilé ẹni tí ó ń wá.

Ó ṣe hóró irin kan tó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè jókòó sórí ẹyọ iyanrìn kan. Ó fi oògùn sí i lára. Ibi tí hóró náà bá kó jọ sí nínú ara, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara yóò fi ibẹ̀ hàn, kí èèyàn lè rí ojú àrùn kí oògùn tó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ ọkùnrin náà fẹ́ràn omi mímọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ìgò kí ó tó lò ó. Omi tí a sè, tí a sẹ́, tí a tún sè, inú rẹ̀ ló ń bu àrùn díẹ̀ sí, tó ti ń dán hóró rẹ̀ wò. Nínú omi yìí hóró náà kò ṣàṣìṣe rí: ó rí àrùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó tú oògùn sílẹ̀. Odidi ọdún méjì ló fi ń rẹ́rìn-ín sí ìgò bí ẹni tó ń bá ọmọ ṣeré.

Ó wá fi hóró náà sára àwọn eku funfun kan tí kókó àrùn wà ní itan wọn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán wọn, kò sí nǹkan kan ní itan. Inú ẹ̀dọ̀ ni gbogbo hóró náà kó jọ sí. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀ náà ni. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, àwọn eku bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó bínú sí ẹ̀rọ, ó bínú sí eku, ó ní àwọn eku ọ̀hún ni kò fẹ́ ìwòsàn. Àwọn ọ̀gá àgbà sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un, bí ìyẹn bá tún bàjẹ́, àwọn yóò fòpin sí iṣẹ́ náà.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fọ ìgò. Ó ti fọ ìgò ẹ̀jẹ̀ títí, ó mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn tí kì í lẹ̀ mọ́. Ó lọ bá ọkùnrin náà.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú,” ló wí. “Inú omi lẹ ti ń dán an wò. Ṣé omi ló wà nínú eku ni?”

Ọkùnrin náà gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan. Ó da hóró rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó yọ ọ́, ó wò ó, kò sì dá a mọ̀ mọ́. Àwọn purotéènì, ìyẹn àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ti sáré lẹ̀ mọ́ ọn wúruwùru, wọ́n ti bo ojú tó fi ń wá àrùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àjèjì rè é, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sí ẹ̀dọ̀. Ara kò tilẹ̀ mọ̀ pé oògùn ló dé.

Ọkùnrin náà kò fi kún oògùn, kò sì dín in kù. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn purotéènì ẹ̀jẹ̀ náà gan-an, èyí tó máa ń ru oúnjẹ kiri ara, ó fi wé hóró náà dáadáa kó tó rán an lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wò ó, wọ́n ní ọmọ ilé ni. Kókó àrùn náà, alájẹkì ni, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń retí, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán, itan eku ló hàn. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún. Má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ìgò wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Adéyanjú, inú omi ni ìwọ náà ti ń dán òtítọ́ rẹ wò. O tò ó jọ nínú yàrá rẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ta kò ọ́, o sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ, ìyàwó rẹ ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú àbúrò rẹ lo gbé e lọ, níbi tí ìtìjú wà, àti iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọdún mẹ́ta tí o kò fi yọjú sí i tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ kó tó dé ibi tó ń lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lo ti pariwo mọ́ ọn. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ bi mí bóyá mo ní kí o máa tàn án. Rárá o, oògùn náà kò yí padà. Ohun tó jẹ́ ti àbúrò rẹ ni mo ní kí o fi wé e. Ìwọ lo sọ fún mi pé òun ló máa ń tún rédíò bàbá yín ṣe, àti pé rédíò náà wà lórí pẹpẹ rẹ, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Gbé e lọ fún un. Jókòó tì í bó ti ń tú u. Wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, kí o rí ibi tó ń dùn ún gan-an, kí o tó la ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn ti wà nínú ilẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé. Àbúrò tìrẹ ṣì wà láàyè. Dìde, lọ gbé rédíò náà.