Erin Apèkùrọ́ àti Òṣùká Ìyá Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, ó gun Erin lẹ́yìn, ó yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó bọ́ sẹ́nu ihò Òkété.

Nígbà tí gbogbo ẹranko jọ ń gbé ìlú kan, Erin ló ń bá wọn pa èkùrọ́. Á gbé òkúta ràbàtà sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀: gbì! Ṣùgbọ́n èkùrọ́ kì í dúró lójú kan. Ìyá Òkété, arúgbó pẹ́ńpẹ́, ló ní òṣùká kékeré kan tó fi koríko hun. Á fi í lélẹ̀ lórí àpáta, á ki èkùrọ́ bọ àárín rẹ̀, á yọwọ́ kíá. Gbì! Èkùrọ́ là. Wọ́n á tún fi òmíràn sí i. Òṣùká kan náà ni wọ́n ń lò láàárọ̀ dalẹ́. Ohun tí àwọn ẹranko bá fún wọn, àwọn méjèèjì á jọ pín in jẹ.

Lọ́jọ́ kan, Erin wo ẹnu Òkété bó ṣe ń jẹun, inú bí i.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe gan-an tí ẹ fi ń jẹ nínú oúnjẹ mi?"

"Mò ń gbé òṣùká kalẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Koríko lásán! Èmi ni mo lágbára. Ẹ gbé e, ẹ máa lọ!"

Òkété gbé òṣùká rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, ara ọmọ Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná janjan. Àdín èkùrọ́ ni wọ́n fi ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára nílùú náà, kò sì sí ẹ̀kán kan nílé ẹnikẹ́ni. Ẹkùn sáré dé ọ̀dọ̀ Erin.

"Erin, gbà mí! Ọmọ mi fẹ́ kú!"

Erin gbé òkúta. Gbì! Èkùrọ́ ta pọ́ún, ó ba Ẹkùn níwájú orí. Gbì! Òmíràn wọ Erin nímú, ó sín hàáà-tìṣọ́, atẹ́gùn rẹ̀ gbé adìyẹ kan sórí òrùlé. Gbì! Òkúta bọ́ lé Erin fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹyọ èkùrọ́ kan ò là. Ẹkùn bú sẹ́kún.

Erin tiro dé ẹnu ihò Òkété, ó fi orin bọnu:

Ìyá Òkété, ẹ jáde wá o!
*Tèrè-n-tere, èkùrọ́ sá lọ!*
Agbára mi ò pa ẹyọ kan o!
*Tèrè-n-tere, èkùrọ́ sá lọ!*
Ara ọmọ Ẹkùn ń gbóná o!
*Tèrè-n-tere, èkùrọ́ sá lọ!*

Òkété yọrí síta. "Ta ló ń pariwo?"

Erin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, igi mẹ́ta wó. "Ìyá, ẹ má bínú. Ojúkòkòrò ló ṣe mí."

"Ǹ bá fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ dọ̀la, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹkùn ò ṣẹ̀ mí."

Ó gbé òṣùká, wọ́n lọ. Gbì! Ó là. Gbì! Ó là. Wọ́n yín àdín, wọ́n fi pa ọmọ lára. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ ti ń fa ìrù Ẹkùn ìyá rẹ̀.

Àlọ́ mi ti rìn, ó ti rẹ̀ ẹ́, ibí yìí ló jókòó sí. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí alágbára má fojú kékeré wo ẹni tí iṣẹ́ alágbára náà ò lè yọrí láìsí i. Nínú ara wa náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Àwọn ló ń fọ́ oúnjẹ wa sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè ṣe nǹkan kan bí àwọn èròjà kín-ń-kín tó wà nínú ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà ò bá bá wọn dúró.

Nítorí náà, Ọláníhùn, mo rí ẹ̀fọ́ tí o fi pamọ́ sábẹ́ àwo yẹn. Jẹ ẹ́.