Àsàbí Gba Kọ́kọ́rọ́ Ilé

Ìjọba ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó, láti fi kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù; ẹni tó bá rà á kò ní san owó-orí lórí èrè rẹ̀, àfi tí ilé náà bá di ti olówó. Olóyè Dáísí ló ra èyí tó pọ̀ jù, òun náà ló sì gba iṣẹ́ ilé kíkọ́. Nígbà tí ilé parí, ó fẹ́ pín in fún àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní Àsàbí, tó ń gbálẹ̀ títì, kò ní rí kọ́kọ́rọ́ àfi tí olówó kan bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé mẹ̀kúnnù ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá owó-orí wá wo ilé, Àsàbí gbé ìgbálẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóyè. Ilé yìí mà dára o! Ti olówó ni, kì í ṣe tiwa." Ọ̀gá owó-orí yíjú padà: "Ti olówó kẹ̀? Olóyè, ẹ máa san owó-orí bọ́ǹdì yín nìyẹn." Olóyè yára dáhùn: "Rárá o! Ti mẹ̀kúnnù ni!" Àsàbí tẹ́wọ́: "Ẹ ṣeun, sà. Olówó ti sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ mi dà?" Olóyè rọra fún un. Àsàbí gbà á, ó sì pariwo sí ẹnu géètì: "Ẹ máa wọlé bọ̀ o!" Agbálẹ̀ mọ́kànlá wọlé, gbogbo wọn na ọwọ́ sí Olóyè.