Àpò Sìmẹ́ńtì Lórí Òṣùwọ̀n Kòkó

Olóyè Akínmúrelé, tó ń ra kòkó gbogbo abúlé wa, ló yá Adétutù ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà tó fi kàwé ìṣirò ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà gbàwé ẹ̀rí dé, olóyè dúró níwájú àwọn àgbẹ̀ tó tò sídìí òṣùwọ̀n, ó ní, "Owó oṣù tíṣà ìṣirò ò lè san gbèsè yìí lọ́dún mẹ́wàá. Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, fi ìṣirò rẹ pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oko bàbá rẹ ti di tèmi." Adétutù ò janpata. Ó nawọ́ sí àpò sìmẹ́ńtì kan nínú ṣọ́ọ̀bù olóyè fúnra rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé àádọ́ta kílò yìí pé?" Olóyè búra pé sìmẹ́ńtì tòun kì í dín láé. Adétutù bá ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n kòkó. Ogójì kílò ló kà. Adétutù ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì, ogójì àpò ni bàbá mi tà fún yín, ogójì kílò lẹ sì kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò mẹ́wàá ń wọlé sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àpò kan, ó di irinwó kílò. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ ń ra kílò. Bàbá, èló ni gbogbo ẹ̀?" Olóyè fa ìwé gbèsè ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ó ní kó máa lọ sílé. Adétutù fa àga, ó jókòó. "Tèmi ti tán, bàbá," ló wí, "àmọ́ àwọn tó tò sẹ́yìn mi yìí ti ní kí n bá àwọn ṣírò tiwọn, wọ́n á sì sanwó iṣẹ́ fún mi."